Ohun Tó Kù Lẹ́yìn Ìlẹ̀mọ́

2.

…torí náà, ẹ má fi abẹ họ ọ́. Abẹ á fá gọ́ọ̀mù lóòótọ́, ṣùgbọ́n á fá ọ̀dà ara kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ojú ibẹ̀ á sì funfun bí àpá. Kò ní padà bọ̀ sípò mọ́. Ẹni tó ń kánjú ló ń fi abẹ ṣe é. Èmi ò kánjú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró de ọkùnrin kan. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní sùúrù?

(Ẹ má wá ìkínní. Mo kọ ọ́, mo fà á ya. Mo tún un kọ, ó tún parọ́.)


3.

OHUN TÍ MO LẸ̀ MỌ́ ÒGIRI ṢỌ́Ọ̀BÙ

BÍ A ṢE Ń YỌ GỌ́Ọ̀MÙ ÌLẸ̀MỌ́ LÁRA KỌ̀ǸPÚTÀ ÀLÒKÙ

Yọ wáyà iná. Lẹ́yìn tó o bá yọ ọ́, tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí iná tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ lè jáde tán.

Fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ìlẹ̀mọ́ náà. Máa gbé e káàkiri. Tó o bá dúró lójú kan, ike á yọ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti igun. Èékánná ni kó o fi gbé e, tàbí káàdì àtijọ́. Má fi irin kàn án.

Gọ́ọ̀mù tó bá kù: kán òróró ẹ̀pà sí òwú, gbé e lé e, kó o lọ jẹun. Tó o bá dé, rọra nù ún.

Sipíríìtì la fi ń nu òróró kúrò. Inú òwú ni kó o dà á sí, má dà á sí ara kọ̀ǹpútà.

Bẹntiróòlù: RÁRÁ. Oògùn tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́: RÁRÁ, ó ń jẹ ike.

Má ṣe é nítòsí iná.

Má ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

 

Mi ò mọ ẹni tó fi bírò kọ ti ìkẹ́yìn yẹn kún un. Ó jọ ọwọ́ mi.


4.

Mọ̀dínátù ni mò ń jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Sábọ̀n Gàrí, ní Zaria, níbi tí bàbá bàbá ọkọ mi ti ń tajà láti ìgbà tó ti Ìlọrin dé. A ń ra kọ̀ǹpútà àlòkù, a ń tún un ṣe, a ń nù ún kó lè dà bí tuntun, a ń tà á.

Mo ní "a". Èmi àti Yàkúbù ọkọ mi ni. Ó jáde ní oṣù Rájábù, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, láti lọ ra ọjà ní Kàdúná. Kò tíì dé.

Nílé wa, a kì í sọ pé ó kú. A kì í sọ pé wọ́n gbé e lọ́nà. "Kò tíì dé" là ń sọ, bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra ìrẹsì.


5.

Tí ìlẹ̀mọ́ bá lọ, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í bá a lọ. Á jókòó síbẹ̀, á máa gba eruku mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí ojú ibẹ̀ á fi dúdú ju ara yòókù lọ. O lè má rí ìlẹ̀mọ́ náà rí láyé rẹ, síbẹ̀ o mọ̀ pé ó gbé ibẹ̀ rí. O mọ bó ṣe gùn tó, o mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Yàkúbù fẹ́ràn àtimáa kọ orúkọ nǹkan sí ìlẹ̀mọ́, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan náà. Agolo ṣúgà ní tiẹ̀, agolo iyọ̀ ní tiẹ̀. Ìkòkò omi ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀. Aago ara ògiri pàápàá: AAGO. Mo bi í pé ta ni kò mọ̀ pé aago ni. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀.

Gbogbo wọn ti já bọ́. Onígun mẹ́rin dúdú dúdú ló kù káàkiri ilé. Gọ́ọ̀mù àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń nù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kan tilé wa.


6.

ẸBÍ SÁBỌ̀N GÀRÍ (orí fóònù)

BASHIR: Sàláámù aláékùm. Mo ti bá akọ̀wé kóòtù sọ̀rọ̀. Àlàmísì yìí ni wọ́n máa pè wá. Ọdún mẹ́rin tí òfin ní kí ìyàwó ẹni tó sọnù fi dúró ti pé. Adájọ́ á kéde pé Ẹ̀gbọ́n ti kú, ìyàwó wa á ṣe opó rẹ̀, tó bá sì ṣe é tán, ó lè lọ fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

MÀMÁ: (Ìyá ọkọ mi ni. Ohùn ló fi ránṣẹ́. Mo gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó kàn ń mí ni.)

ÈMI: Mo ti rí i.


7.

Bashir ni àbúrò Yàkúbù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀: kò burú. Ó ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ó ti lọ wo òkú ní ilé òkú, ó wo òkú ọmọ ọlọ́mọ, ó padà wálé, kò jẹun. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló ti ẹnu rẹ̀ bọ́ lọ́jọ́ kan tá a ń jẹ tùwó:

BASHIR: Ẹ̀gbọ́n ì bá fẹ́ràn ọbẹ̀ yìí, Ọlọ́hun ó forí jìn ín.

(Ọwọ́ gbogbo wa dúró nínú abọ́.)

MÀMÁ: Kí lo wí?

BASHIR: Ó ṣì mí lẹ́nu ni, Màmá.

MÀMÁ: Òkú là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

BASHIR: Haba, Màmá. Kí wá la fẹ́ máa sọ fún un?

MÀMÁ: Sọ pé Ọlọ́hun ó mú un dé.

BASHIR: Ọlọ́hun ó mú un dé.

MÀMÁ: Tún un sọ.

BASHIR: Ọlọ́hun ó mú un dé.

MÀMÁ: Tún un sọ.


8.

Ní ọ̀sẹ̀ tí kóòtù fẹ́ pè wá yìí gan-an ni Umar, alágbàtà wa, kó kọ̀ǹpútà wá fún mi láti Dakace. Ilé iṣẹ́ kan ló palẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kó wọn dé, a tò wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí mi.

Ìlẹ̀mọ́ funfun wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó ń lò ó sì wà níbẹ̀. ALBERT, ÌṢÍRÒ OWÓ. FỌLÁWÙMÍ, ILÉ ÌKẸ́RÙSÍ. Mo yọ Albert. Mo yọ Fọláwùmí. Mo máa ń tọrọ gáfárà tí mo bá ń yọ wọ́n, mi ò mọ̀ lọ́wọ́ ta ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e ò ní orúkọ, nọ́ńbà lásán ni ilé iṣẹ́ náà kọ sí ìlẹ̀mọ́ tó wà lára ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo fi káàdì gbé igun rẹ̀. Ó ṣí, ó ń fà bí oyin.

Ìlẹ̀mọ́ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀.


9.

Wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ róbótó.


10.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀:

Ní òpópónà wa, oníṣẹ́ kan kì í ṣí kọ̀ǹpútà kó má lẹ ìlẹ̀mọ́ tiẹ̀ mọ́ ọn. Á kọ ohun tó pààrọ̀ síbẹ̀, á kọ ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀. Tí oníbàárà bá dá a padà, kò sí àríyànjiyàn. Bírò ni àwọn yòókù fi ń kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ.

Yàkúbù kì í lo bírò. Ó ní bírò máa ń ṣá. Tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ pátákó wàláà nílé kéwú ló ń lò, ó ń pò ó fúnra rẹ̀ láti inú èédú. Yorùbá ló ń kọ, lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ ọ́, ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní àńjẹ̀mí, kí àwọn olófòófó òpópónà má bàa rí i kà. Kò ní ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí. Ìlẹ̀mọ́ yẹn náà ni ìwé rẹ̀. Ó sì máa ń gé igun rẹ̀ róbótó, torí ó ní igun ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi gbogbo òpópónà. Òun nìkan ni.


11.

Ohun tó hàn nìyí:

┌                                        ┐
   Bismillaahi
   Mo pààrọ̀ fáànù
   Oṣù Ṣàábánù, ọdún ▇▇▇▇
└                                        ┘

Dúdú yẹn, gọ́ọ̀mù ìlẹ̀mọ́ òkè ni, pẹ̀lú bébà rẹ̀ tó fà ya mọ́ ọn.

Rájábù ni ó jáde nílé. Ṣàábánù ló tẹ̀ lé Rájábù.

Tó bá jẹ́ Ṣàábánù ọdún tó ti kọjá kó tó jáde, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún kọ̀ǹpútà kan ṣe nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, kọ̀ǹpútà náà rìn, ó padà wá.

Tó bá jẹ́ ti ọdún tó jáde, tàbí ti ọdún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Yàkúbù jókòó sí ibì kan lẹ́yìn tá a ti sunkún rẹ̀. Ó po tàdáwà. Ó gé igun ìlẹ̀mọ́. Ó pààrọ̀ fáànù fún ẹnì kan.

Kò sì wálé.

Èyí kejì yìí ni mò ń tọrọ. Mo rò pé òun ni mò ń tọrọ.


12.

Mo tan kọ̀ǹpútà náà bóyá ọjọ́ á wà nínú rẹ̀. Bátìrì kékeré tó ń ṣọ́ aago rẹ̀ ti kú. Ó ní ọdún tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ sílé ìwé la wà. Wọ́n ti yọ ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí kí wọ́n tó tà á. Kò rántí ẹnikẹ́ni.

Fáànù náà ń yí. Ó ń yí dáadáa. Ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ iṣẹ́.

Mo pe Umar. (Háúsá la sọ, èmi ni mo yí i padà.)

ÈMI: Dúdú tó ga yẹn, níbo ló ti wá kó tó dé Dakace?

UMAR: Kai, Hájíà. Ṣé màlúù ni, tí mo fi máa mọ ìyá rẹ̀?

ÈMI: Mo bẹ̀ ọ́.

UMAR: Àlòkù ni ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn rà. Ẹnì kan sọ pé láti Kano ni. Ẹnì kan sọ pé láti Jos ni. Ṣé ó bàjẹ́ ni? Mo lè wá gbé e.

ÈMI: Má wá gbé e.

UMAR: Hájíà, ṣé kò sí wàhálà?

ÈMI: Má wá gbé e.


13.

Leah ló ni ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ kan tèmi. Ọmọ Kogi ni, ó ń ta ṣájà àti gíláàsì ojú fóònù, ó sì máa ń kọrin ìsìn sókè tó bá ń ṣírò ọjà. Ọ̀rẹ́ mi ni.

LEAH: Ya fọ́tò ẹ̀, Mọ̀dí.

ÈMI: Mo ti yà á. Gọ́ọ̀mù ni fọ́tò náà rí.

LEAH: Sipíríìtì ńkọ́?

ÈMI: Omi wà nínú sipíríìtì. Tàdáwà ò fẹ́ omi.

LEAH: Báwo lo ṣe mọ̀?

(Mo fi bébà hàn án. Tàdáwà Yàkúbù ṣì kù díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Mo ti fi kọ fáànù, fáànù, fáànù sí ìlẹ̀mọ́ tuntun. Èyí tí mo kán sipíríìtì sí ti ṣàn kiri. Èyí tí mo kán omi sí ti pòórá. Èyí tí mo kán òróró ẹ̀pà sí dúró gbagidi, kò mira.)

LEAH: Òróró náà nìyẹn.

ÈMI: Òróró ni. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àkókò.

LEAH: Ọ̀la kọ́ ni kóòtù yín?

ÈMI: Ọ̀la ni.

LEAH: Jésù. Mọ̀dí, tó bá wà láàyè, tí kò kàn wá ńkọ́?

ÈMI: Má sọ ìyẹn.

LEAH: Mo ti sọ ọ́.

ÈMI: Mo gbọ́.


13, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Leah ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní èmi ni mo sọ ọ́, òun ló ní kí n má sọ ọ́.


14.

Mo tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Mo fi òwú olóróró bo ìlẹ̀mọ́ náà, mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́, mo gbé e délé. Awakọ̀ bi mí pé kí ni mo gbé tí mo gbá mọ́ra báyìí. Mo ní irin ni.

Nílé, gọ́ọ̀mù náà ti ń rọ̀. Mo fi òwú nù ún díẹ̀, mo tún kán òróró sí i. Ó ń ṣí láti ẹ̀gbẹ́.

ọdún 1▇▇▇

ọdún 14▇▇

ọdún 144▇

Ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Ọdún Híjírà ló ń kọ; bó ti wù kó rí, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà ìkẹ́yìn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Òróró ti pọ̀ jù lójú rẹ̀, mo sì fọ́n páúdà sí i kó fà á mu. Wọ́n pe ìrun alásárì. Mo gbé ìdérí náà sórí àpótí aṣọ. Mo ní tí mo bá kírun tán, tí páúdà ti gbẹ, ìnù kan ṣoṣo ló kù.

Mo fi ara balẹ̀ kírun náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fi ara balẹ̀.


15.

Nígbà tí mò ń ṣe àlùwàlá, mo gbọ́ fáànù náà tó ń yí.

Ìdérí nìkan ni mo gbé wálé. Ṣọ́ọ̀bù ni fáànù wà.


16.

MÀMÁ

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìlọrin, bàbá mi ní wàláà. Tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sí i tán, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́. Omi dúdú náà là ń pè ní hàntú. Ẹni ara ń ro á mu ún. Ọmọ tí kò rí oorun sùn á mu ún. A kì í da ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sílẹ̀.

Ara ti ń ro èmi náà láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti jáde. Mi ò sọ fún wọn ibi tó ń ro mí, torí kò sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀.

Mo wọ yàrá ìyàwó mi láti wá ṣálì. Mo rí i lórí àpótí. Ọwọ́ Yàkúbù ni. Ta ló máa fi ọwọ́ ọmọ mi hàn mí? Bismillaahi rẹ̀ nìyẹn, tó máa ń na ìrù rẹ̀ wálẹ̀ jù, tí alfáà rẹ̀ fi máa ń nà án. Wọ́n ti fi òróró pa á lára, wọ́n ti fọ́n páúdà sí i, bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.

Mo ní, ìyàwó mi mà kú iṣẹ́ o. Ó ti wá a rí. Ó ti tọ́jú rẹ̀. Kò fẹ́ kí n lọ kóòtù lọ́la láìsí nǹkan kan nínú mi.

Mo gbé omi kaná. Mo fi ìka fọ̀ ọ́. Ó ṣòro díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà, tàdáwà àti bébà.


17.

ÈMI: Màmá, ìdérí tó wà lórí àpótí.

MÀMÁ: Mo ti fọ̀ ọ́.

ÈMI: Ẹ fọ kí ni?

MÀMÁ: Mo fọ̀ ọ́, mo mu ún. O ṣé, ìyàwó mi. Ọlọ́hun ó san án fún ọ.

(Ó fi inú abọ́ hàn mí. Kò ku ẹ̀kán kan.)

ÈMI: Màmá. Màmá. Màmá.

MÀMÁ: Kí ló dé? Ṣé ìwọ náà fẹ́ mu níbẹ̀ ni?


18.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ OMI TÍ MÀMÁ MU

òróró ẹ̀pà, ti àwọn oníkúlíkúlí, tó mọ́
páúdà, díẹ̀
èédú
bébà àti gọ́ọ̀mù, díẹ̀
Bismillaahi
fáànù
oṣù kan
ọdún kan

Kò sí sipíríìtì níbẹ̀. Kò sí bẹntiróòlù. Ká ní bí àwọn aláìbìkítà ti ń ṣe é ni mo ṣe é, ọsibítù Shika là bá ti gbé e dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè mu ún.


19.

Inú bí mi. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Mo fẹ́ di èjìká arúgbó yẹn mú kí n mì ín títí omi náà á fi padà jáde. Obìnrin tó ń fọ ẹsẹ̀ mi nígbà tí ibà mú mi. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ki ìborùn mi bọ ẹnu, mo ké.

Nígbà tí mo padà wọlé, mo gbé ìdérí náà lọ síbi fèrèsé. Kò sí ìlẹ̀mọ́. Kò sí gọ́ọ̀mù. Kò sí onígun mẹ́rin. Mo fi ọwọ́ pa á, ó ń dán, ó tutù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì nu nǹkan kan mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.


20.

LEAH (orí fóònù): Ó ti yọ? Kí ni nọ́ńbà ẹ̀?

ÈMI: Màmá mu ún.

LEAH: Màmá kí ni?

ÈMI: Ó mu ún.

(Ó pè mí. Mi ò gbé e. Ó tún pè. Mi ò gbé e.)


20a.

Tí wọ́n bá kéde rẹ̀, kí ni mo máa ṣe pẹ̀lú aṣọ rẹ̀?


21.

Àlàmísì. A wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ kóòtù, èmi àti Màmá lẹ́yìn, Bashir lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ara Màmá yá. Ó ní òun sùn. Ó ní òun ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

MÀMÁ: O ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.

ÈMI: Màmá, ọdún kan wà níbẹ̀. Ọdún yẹn ni mò ń wá. Mo fẹ́ gbé e lọ fún adájọ́.

MÀMÁ: Mo mọ̀ pé ọdún wà níbẹ̀.

ÈMI: Gọ́ọ̀mù ló bo ìkẹ́yìn rẹ̀.

MÀMÁ: Gọ́ọ̀mù náà bọ́ kí tàdáwà tó bọ́. Bàbá mi kì í jẹ́ ká fọ wàláà tí a ò tíì kà tán. Mo kà á.

(Kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú kòtò. Bashir bú awakọ̀ ní Háúsá.)

ÈMI: Ẹ kà á?

MÀMÁ: Mo kà á tán kí n tó mu ún.

ÈMI: Kí ló dé tí ẹ ò sọ?

MÀMÁ: O ò bi mí. O kàn ń pe Màmá, Màmá ni.


22.

Tó bá jẹ́ ọdún tó kọjá kó tó jáde:

Ó kú. Ó fẹ́ràn mi, ó kú. Màá ṣe opó rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é. Màá sọ pé Ọlọ́hun ó forí jìn ín, á sì mọ́ ahọ́n mi lára.


22.

Tó bá jẹ́ ọdún tó jáde, tàbí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀:

Ó wà láàyè. Ó mọ ọ̀nà ilé. Ilé ò kúrò níbi tó wà.


22.

Mo wo ojú Màmá bóyá màá rí èyí tó jẹ́ níbẹ̀. Ojú ẹni tó ti sùn dáadáa ni.

Mo ní kí n bi í. Mo la ẹnu. Mo bi í bóyá òtútù ò mú un.


23.

NÍNÚ KÓÒTÙ

(Háúsá ni adájọ́ ń sọ. Bashir ń túmọ̀ fún Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá gbọ́ Háúsá jù ú lọ.)

ADÁJỌ́: Ta ni ìyàwó?

ÈMI: Èmi ni.

ADÁJỌ́: Láti ọjọ́ tó ti jáde, ṣé o ti gbọ́ ohùn rẹ̀?

ÈMI: Rárá.

ADÁJỌ́: Ṣé ó ti fi nǹkan ránṣẹ́?

ÈMI: Rárá.

ADÁJỌ́: Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín rí àmì kankan pé ó wà láàyè lẹ́yìn ọjọ́ náà?

BASHIR: Kò sí, Màlámù. A ti wá a títí.

ADÁJỌ́: Ṣé kò sẹ́ni tó ní ohun mìíràn láti sọ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀?

(Màmá gbé ọwọ́ sókè.)

ADÁJỌ́: Ìyá, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀.

BASHIR: Màmá, kí ni?

MÀMÁ: Mo rí ọwọ́ ọmọ mi. Mo kà á. Oṣù Ṣàábánù ni, ọdún


24.

Èmi ni mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Gbogbo kóòtù ń wò mí. Adájọ́ gbé gègé rẹ̀ kúrò lórí ìwé. Bashir ń sọ pé, "Ìyàwó wa, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, wallahi," ó ń fa apá mi, mi ò fi í sílẹ̀.

Màmá ò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí. Ẹnu rẹ̀ gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi, kò sì dákẹ́, ètè rẹ̀ ń sọ nọ́ńbà náà lọ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi.